Orin àti Àwòrán nínú Iṣẹ́ Twins Seven-Seven

Nínú ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti kọ nípa Táíwò Ọláníyì, ẹni tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jẹ yọ lemọ́lemọ́: pé ọkùnrin náà kò kọ́ṣẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí yìn ín, wọ́n ní ọgbọ́n àtinúdá ni ó ń lò. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ fi bẹnu àtẹ́ lù ú. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ìdánwò pẹ̀lú, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí pé kì í ṣe òótọ́. Twins Seven-Seven kọ́ṣẹ́. Orin àti ijó ni ó kọ́, ìta gbangba ni ó ti kọ́ ọ, ìlànà tí ó sì kọ́ níbẹ̀ ni ó gbé wọ inú àwòrán.

Ọdún 1944 ni a bí i ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú. Ìpínlẹ̀ Kogi ni Ògìdì wà lónìí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1967 títí di ọdún 1991 tí a dá Kogi sílẹ̀, inú Ìpínlẹ̀ Kwara kan náà ni Ògìdì, Òmù-Àrán, Ẹ̀sìẹ́ àti Ṣàrẹ́ jọ wà. Ará Ìbàdàn ni bàbá rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀meje ni ìyá rẹ̀ bí ìbejì, òun nìkan ni ó sì kù láyé nínú gbogbo wọn. Ibi tí ó ti mú orúkọ náà nìyẹn. Èdè àjèjì ni ó fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìṣe Yorùbá ni. Orúkọ tí ń sọ bí ọmọ ti wáyé ni, ó sì sún mọ́ oríkì ju àlàjẹ́ orí ìtàgé lọ.

Ní ọdún 1964 ó dé Òṣogbo. Ijó ni ó bá dé ibẹ̀: ó ń tẹ̀lé ẹnì kan tí ń ta oògùn kiri láti ìlú dé ìlú, òun ni ó ń jó tí ó sì ń kọrin kí èrò lè pé jọ. Ẹni tí kò bá dúró wo irú wọn lọ́jà rí lè rò pé eré lásán ni. Iṣẹ́ gidi ni. Èrò tí ń kọjá lọ kò torí ìran jáde nílé, kò sì sanwó ìwọlé. Kò sí ohun tí ó lè dá a dúró ju ohùn àti ẹsẹ̀ òṣèré lọ. Òṣèré gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí orin kan bá ti sú wọn, kí ó ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó ká ẹsẹ̀ kúrò. Ó gbọ́dọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí ó dá a dúró láàárín, kí ó fi orin sí i, kí ó sì padà síbi tí ó ti fi í sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí àlàfo kankan wà, nítorí ibi tí àlàfo bá wà ni èrò ti ń tú ká. Bí a bá pe Fẹlá Ṣówándé àti Ayọ̀ Bánkọ́lé ní ẹni tí ó kọ́ orin, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n lọ sí London láti kọ́ orin tí a ń kọ sórí ìwé. Ṣùgbọ́n pé a kò kọ ẹ̀kọ́ ti Twins Seven-Seven sórí ìwé kò sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. (Ta ni ó tíì béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn tí ó gbẹ́ àwọn ère òkúta Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún?)

Ilé Mbárí Mbáyọ̀ tí Dúró Ládípọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 ni àwọn Beier ti rí i. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà, Georgina Beier ṣe ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ kan fún àwọn ayàwòrán níbẹ̀, Twins Seven-Seven sì bá wọn jókòó. Georgina tètè rí i pé ìlà ni agbára ọkùnrin yìí wà. Gègé àti yíǹkì ni ó fà lé e lọ́wọ́, ó sì fi bí a ti ń fín àwòrán sára àwo irin hàn án. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó gbà pé ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyẹn ni ó sọ ọ́ di oníṣẹ́-ọnà. Ohun èlò ni ó rí gbà níbẹ̀. Iṣẹ́ ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ojú ń rí nínú àwòrán rẹ̀ ni pé kò fi àlàfo sílẹ̀. Ara ẹranko, awọ ejò, aṣọ iwin, omi, ewé, ìlà wẹ́wẹ́ ni ó fi kún gbogbo rẹ̀. Àwítúnwí ni ẹni tí ó bá mọ lítíréṣọ̀ alohùn yóò pe èyí. Bí ẹni tí ń sun ìjálá ti ń di gbólóhùn kan mú, tí ó ń pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dà nínú rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni Twins Seven-Seven ń tẹ̀lé ìlà kan títí tí yóò fi yí i padà sí ìpẹ́ ẹja tàbí sí ìyẹ́ ẹyẹ. Ojú tí ń wò ó kò ráyè sinmi, gẹ́gẹ́ bí etí èrò ọjà kò ti ráyè sinmi.

Ohun kejì ṣòro díẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ikùn ẹ̀dá kan ni òmíràn ti ń yọjú. Lára apá rẹ̀ ni orí mìíràn ti hù. Àwọn kan pe èyí ní ìdàrúdàpọ̀. Kí wọ́n rántí bí a ti ń ki oríkì orílẹ̀. A ki ẹnì kan, a bọ́ sórí bàbá rẹ̀, a fi ti ìyá rẹ̀ kún un, a mẹ́nu ba ogun tí ó jà nígbà láéláé, a sì padà sórí ẹni tí ó dúró síwájú wa. Kò sí ẹni tí ó sọ pé akígbe oríkì ti ṣìnà. Nínú àwòrán wọ̀nyí náà, ohun tí ó jìnnà kò fi dandan kéré ju ohun tí ó sún mọ́ni lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo ni àwòrán ti ń tóbi. Nígbà tí ó yá, ìwé pẹlẹbẹ kò tó o mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé puláíwúùdù, ó ń lẹ̀ ẹ́ léra ní ìpele ìpele, tí àwòrán fi wú jáde lára pákó. Ìpele lórí ìpele yìí gan-an ni ètò oríkì.

Ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Healing of Abiku Children, èyí ni Ìwòsàn Àwọn Ọmọ Àbíkú. Àwọn tí ń ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ewì méjì tí ń jẹ́ Abiku, ọ̀kan láti ọwọ́ J. P. Clark, èkejì láti ọwọ́ Wọlé Ṣóyínká. Nínú ti Clark, àwọn ará ilé ni ó ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Nínú ti Ṣóyínká, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi àwọn tí ń dá a dúró ṣẹ̀sín. Àbíkú yàtọ̀ sí ìbejì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí Twins Seven-Seven ń sọ nípa ìbí ara rẹ̀, méjèèjì pàdé. Ipò tí ó ti ń sọ̀rọ̀ kò sí nínú ewì méjèèjì: ti ẹni tí ó lọ, tí ó bọ̀, tí ó wá dúró. Ìdí nìyí tí ìwòsàn fi jẹ́ orúkọ iṣẹ́ náà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé inú ìwé Amos Tutùọlá ni ó ti kó àwọn iwin rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra pẹ̀lú èyí. Ìjọra wà, kò sì ṣeé sẹ́. Ó wà pẹ̀lú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dàgbà sí abúlé, tí a ń pa àlọ́ fún ní alaalẹ́, kò nílò ìwé kí ó tó mọ iwin.

Àríyànjiyàn tí ó le jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán tí ó lọ sí ilé-ìwé gíga. Láàárín ọdún 1958 sí 1961 ni Uche Okeke, Yusuf Grillo, Demas Nwoko àti Bruce Onobrakpeya wà nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán Zaria, wọ́n ń wá bí wọn yóò ti da ọnà ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ ti Yúróòpù. Ojú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́ ilé-ìwé fi wo àwọn ará Òṣogbo ni pé àyànfẹ́ òyìnbó ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbé sọnù pátápátá. Àwọn tí ń ra iṣẹ́ Òṣogbo nígbà náà fẹ́ràn kí oníṣẹ́ wọn jẹ́ ẹni tí kò mọ ìwé, owó sì lè ba ọwọ́ oníṣẹ́ jẹ́. Kì í ṣe gbogbo àwòrán Twins Seven-Seven ni ó dára bákan náà; nínú èyí tí ó ṣe nígbà tí ọjà ti là, a rí ibi tí ìlà ti ń rìn ṣùgbọ́n tí kò ní ìtàn lọ́wọ́, bí apohùn tí ó gbàgbé ẹni tí ó ń kì. Síbẹ̀ àléébù ọjà nìyẹn. Kò fi hàn pé kò kọ́ṣẹ́.

Ìyókù ìrìn-àjò rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àfihàn Magiciens de la Terre ní Paris ní ọdún 1989. Ó gbé ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, níbi tí nǹkan ti le fún un fún ìgbà kan. Ní ọdún 2005 ni UNESCO fi í ṣe Oníṣẹ́-Ọnà fún Àlàáfíà. Henry Glassie kọ ìwé ńlá kan lé e lórí ní ọdún 2010, Ìbàdàn ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ọdún 2011.

Nínú gbogbo èyí, àwòrán ni wọ́n gbé kiri. Orin kò rí ibi kan dúró. Ó ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀, ó kọrin, ó jó lójú agbo fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣe àwo orin. Ìlà díẹ̀ báyìí ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń dárúkọ rẹ̀, bí ẹni pé ìgbafẹ́ ni. Àwọn ará Ìgbómìnà kò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe yìí. Nígbà tí egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ bá jáde, ta ni ó ń ya aṣọ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ijó, tàbí tí ó ń ya ijó kúrò lára ìlù? Bí olùkọ́ kan ní Ṣàrẹ́ tàbí ní Òmù-Àrán bá fẹ́ fi Twins Seven-Seven kọ́ kíláàsì ní ọnà èdè inú lítíréṣọ̀ alohùn, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọkàn nínú àwọn àwo orin náà, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé àwítúnwí inú rẹ̀, kí ó tó wá ṣí àwòrán fún wọn pé kí wọ́n wá ibi tí ìlà ti ń ṣe bákan náà.