Tíọ́rì Fìlọ́sọ́fì gẹ́gẹ́ bí Irinṣẹ́: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Hallen àti Sodipo lórí ‘Mọ̀’ àti ‘Gbàgbọ́’

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orí kan a máa wà fún tíọ́rì. Wọn a to orúkọ àwọn onímọ̀ síbẹ̀, wọn kò sì ní mẹ́nu bà á mọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Irú tíọ́rì bẹ́ẹ̀ dà bí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi kọ́ ògiri nígbà tí ó yẹ kí ó máa kọ ebè. Ní ọdún 1972, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ òun àti Michel Foucault, Gilles Deleuze fi tíọ́rì wé àpótí irinṣẹ́: iṣẹ́ tí ó bá ṣe ni iyì rẹ̀.

Àpẹẹrẹ rere ni ìwé Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, Knowledge, Belief and Witchcraft (1986). Wọ́n mú ìlànà J. L. Austin, tí ó ka ìlò ọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ sí pàtàkì, lọ bá àwọn oníṣègùn Yorùbá. Wọ́n sì fi ìkìlọ̀ W. V. O. Quine sọ́kàn pé ìtumọ̀ láti èdè kan sí èkejì kì í fìdí múlẹ̀ pátápátá. Ìbéèrè wọn ni pé, ìgbà wo ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ nǹkan? Èsì tí wọ́n rí ni pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì yé e, ni ìmọ̀. Èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìmọ̀ nítorí pé ó wà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni lójú àwọn oníṣègùn.

Síbẹ̀, irinṣẹ́ yìí ní ààlà. Ẹnu àwọn tí ìṣọ́ra nínú ọ̀rọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ wọn ni ẹ̀rí náà ti wá. Yorùbá mìíràn a máa sọ pé òun mọ̀ pé ilẹ̀ Lárúbáwá ni Mẹ́kà wà, bí kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Kò yẹ kí a fi ìlò àwọn oníṣègùn ṣe òdiwọ̀n fún gbogbo Yorùbá láì bi àwọn yòókù léèrè.

Ìyàtọ̀ náà wúlò fún olùkọ́. Olùkọ́ tí ó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé irúgbìn nílò omi fún un ní ìgbàgbọ́. Èyí tí ó jẹ́ kí ó gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì, kí ó sì bomi rin ọ̀kan ṣoṣo, mú un dé ìmọ̀. Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí alábòójútó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ máa bi akẹ́kọ̀ọ́: kí ni tíọ́rì yìí jẹ́ kí o rí tí ìwọ ì bá má rí láìsí i?