Ta Ló Ṣe Orin Aníkúlápó?

Ẹ dárúkọ fíìmù Aníkúlápó (2022) ní Tápà níbí, kíá ni wọn á ní, "Ti Kúnlé Afọláyan!" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ṣe orin inú rẹ̀? Kẹ́kẹ́ á pa. Kent Ẹdúnjọbí ni o. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ AMVCA lórí orin náà ní 2023, ó sì tọ́ sí i, torí orin ọ̀hún ń bá wa sọ ìtàn Ṣàró ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àmọ́ ìparí fíìmù ni orúkọ olórin máa ń wà, ibẹ̀ gan-an sì ni Netflix ti ń fi fíìmù mìíràn lọ̀ wá. Onílù òde àríyá pàápàá, a máa ń béèrè ilé àyàn tó ti wá! Ẹ̀yin olóòtú, ẹ gbé orúkọ olórin wá síbẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùdarí.