Lisp Tí Mo Fi Ń Ya Pláànù ní Abidjan

Iṣẹ́ pláànù ilẹ̀ ni mo ń ṣe ní Abidjan. Àwọn géomètre tó ń wọn ilẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ wá bá mi. Wọ́n á ti lọ sí Bingerville, Songon tàbí Anyama, níbi tí oko ti ń di àdúgbò lójoojúmọ́, wọ́n á ti ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, wọ́n á wá kó nọ́ńbà gbogbo òpó náà fún mi nínú fáìlì kan. Èmi ni màá fi AutoCAD, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya pláànù, fa ìlà láti òpó dé òpó, tí màá kọ gígùn ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, tí màá ṣírò ìwọ̀n púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, tí màá sì to gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì. Ẹni tó bá ń wá ACD, ìwé ilẹ̀ tí gbogbo ará Abidjan ń lé kiri, kò lè ṣe é láìsí irú pláànù yìí. Bí púlọ́ọ̀tì bá pọ̀, tí a sì ní ká máa fi ọwọ́ fà á níkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní lóǹkà. Lisp ni mo fi ń ṣe é. Nínú gbogbo ohun èlò tó wà lọ́wọ́ mi, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Èdè àgbà ni Lisp láàárín àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní 1958. Nígbà tó fi máa tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1960, Steve Russell ti mú ohun tí McCarthy kọ́kọ́ kà sí ìmọ̀ orí ìwé, ó ti sọ ọ́ di ohun tí ẹ̀rọ IBM 704 lè ṣe. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwa ayàwòrán pláànù ni àwọn ènìyàn kì í sábà sọ. AutoCAD jáde ní 1982. Nígbà tó di 1986, àwọn oníṣẹ́ Autodesk, ilé iṣẹ́ tó ni AutoCAD, fi Lisp kékeré kan sí inú rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde láti ara XLISP tí David Betz kọ, wọ́n sì pè é ní AutoLISP. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rí, tó kàn ń fa ìlà ilé àti ojú ọ̀nà, ti ń kọ Lisp ní ọ́fíìsì káàkiri ayé. Bí àwọn onímọ̀ bá ń jiyàn lórí Common Lisp àti Scheme, ẹ̀yà Lisp méjì, ó yẹ kí wọ́n rántí wa.

Kí ló dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀? Ojú kan lórí pláànù kò ju àtòjọ nọ́ńbà lọ lójú Lisp: ti ìlà-oòrùn, ti àríwá, àti gíga bó bá wà. Gbólóhùn tó ń pàṣẹ pàápàá, àtòjọ ni, tòun ti àmì akámọ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ kọ gígùn ẹ̀gbẹ́ kan sí agbedeméjì òpó p àti q, ìlà kan yìí tó mi:

(mapcar '(lambda (a b) (/ (+ a b) 2.0)) p q)

Ẹ wò ó dáadáa. Ó mú ìlà-oòrùn p pọ̀ mọ́ ìlà-oòrùn q, ó pín in sí méjì, ó ṣe bákan náà fún àríwá. Bí àwọn tó wọn ilẹ̀ bá ka gíga mọ́ ọn, gíga náà á tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé mo fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mi ò tíì rí èdè mìíràn tó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn mi ní ṣókí báyìí. Bí mo bá sì ti kọ ọ́ tán, tí mo fi c: síwájú orúkọ tí mo sọ ọ́, ó di àṣẹ AutoCAD gan-an nìyẹn, mo lè tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń tẹ àwọn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́.

Èdè náà nìkan kọ́ ni mo fẹ́ràn, mo fẹ́ràn ìwà àwọn tó ń kọ ọ́. Ibi tí mo ń gbé ló jẹ́ kó yé mi. AutoCAD tiwa níbí, Faransé ló ń sọ. LINE kò sí nínú rẹ̀, LIGNE ló wà. CIRCLE ń jẹ́ CERCLE, AREA ń jẹ́ AIRE. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà ní Abidjan ló ní ẹbí ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, àwa oníṣẹ́ pláànù sì máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi Lisp rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo, iṣẹ́ tó dára gan-an. Bí mo ṣe ṣí i, AutoCAD ní “Commande inconnue”. Mo pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, níbí ó ń ṣiṣẹ́ o.”

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. "LINE" ló kọ. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "_.LINE" ni wọ́n ń kọ. Ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ yẹn ń sọ fún AutoCAD pé Gẹ̀ẹ́sì ni àṣẹ yìí, kó gbọ́ ọ bó tilẹ̀ jẹ́ Faransé tàbí Jámánì ló ń sọ. Àmì tóótó tó tẹ̀ lé e ń sọ pé àṣẹ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni kó lò, bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ti yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó wà ní Òṣogbo kò nílò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí kò mọ̀ rí, tó wà ní ìlú tí kò dé rí, ló ń ṣe é fún. Ó tún un kọ lọ́jọ́ náà, kò sì kọ ọ́ lọ́nà àtijọ́ mọ́.

Kọ́mà tún wà níbẹ̀. Fáìlì tó bá ti ọ̀dọ̀ wa jáde, 387452,35 ló máa ń wà nínú rẹ̀, torí kọ́mà ni Faransé fi ń ya odidi nọ́ńbà sọ́tọ̀ kúrò lára ìdá rẹ̀. Bí a bá fún atof, àṣẹ Lisp tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ní irú nọ́ńbà yẹn, ó máa dúró síbi kọ́mà, á sì dá 387452.0 padà láìráhùn. Sẹ̀ǹtímítà márùndínlógójì ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ìjà ààlà ṣe ń rí mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé ara wọn lọ ilé ẹjọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń dí i kò gùn: (vl-string-translate "," "." s). Mo ń kọ ọ́ sínú gbogbo èyí tó bá máa ka fáìlì, ìbáà jẹ́ Èkó ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.

AutoLISP kò ní let, tí a fi ń fi orúkọ mọ sí ibi tí a ti ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní macro, tí a fi ń kọ ohun tó ń kọ Lisp fúnra rẹ̀, tí àwọn oní-Common Lisp fi ń yangàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, macro dára. Ṣùgbọ́n àìsí let ló bí àṣà kan tí mo kà sí pàtàkì: gbogbo orúkọ tí a bá máa lò nínú iṣẹ́, a máa ń to wọn sẹ́yìn àmì / lókè, kí wọ́n lè parẹ́ bí iṣẹ́ bá parí. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, p mi á jókòó sínú pláànù ẹlòmíràn, á sì ba tirẹ̀ jẹ́. Bákan náà ni OSMODE, ètò tó ń fa ìlà mọ́ ojú tó bá wà nítòsí: kí a tó fa ìlà, a ó fi iye tó wà níbẹ̀ pamọ́, a ó sọ ọ́ di 0, a ó sì dá a padà bó ṣe wà. A tún gbọ́dọ̀ kọ ìdápadà yẹn sínú *error*, apá tó ń ṣiṣẹ́ bí nǹkan bá dá iṣẹ́ dúró lójijì, torí ẹni tó ń lò ó lè tẹ Esc nígbàkúùgbà. Orúkọ ẹni tó kọ iṣẹ́ náà ń bẹ lókè fáìlì lẹ́yìn àmì ;;; pẹ̀lú ọdún tó kọ ọ́. Ẹni tó bá tún un ṣe á fi tirẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, kì í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo ní àwọn fáìlì tí orúkọ tò sí lórí bí ìran ìdílé.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ́fíìsì kéékèèké tó ń lo AutoCAD LT, ẹ̀yà tí owó rẹ̀ kéré, fi ń wo èyí látòkèèrè, torí LT kò gba Lisp. Ti 2024 ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Inú mi dùn sí i gidigidi. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo sì ń gbé fún wọn ni kí wọ́n ka fáìlì òpó ààlà, kí wọ́n fi ìlà so wọ́n pọ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n sí àárín. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, mi ò kọ́kọ́ wo bóyá ìlà náà já. Ẹ̀yìn àmì / ni mo ń wò, lẹ́yìn náà ni mo ń wá "_.".