Ẹ̀rí Hesekiah àti Ẹ̀rí Àwọn Tí Àrùn Ọkàn Kò Pa

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nínú ilé ìsìn, bí a bá yọ ìwàásù kúrò, kò sí èyí tí ìjọ ń tẹ́tí sí tó ẹ̀rí ẹni tí ikú gbá mú tí ó sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ a kì í yẹ ẹ̀rí wò bí a ti í yẹ ewì tàbí ìtàn wò. Bí ó bá dùn, a ó ṣe "Àmín", a ó sì máa lọ sílé. Ẹ̀rù ń bà wá pé bí a bá rí àbùkù nínú ọ̀nà tí ẹlẹ́rìí gbà sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ni a dá lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìwòsàn jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Ìròyìn ìwòsàn jẹ́ iṣẹ́ ẹnu ènìyàn, ohun tí ẹnu ènìyàn bá sì ṣe, ó yẹ kí a lè gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ti àwọn tí àrùn ọkàn òjijì kọlù tí wọn kò sì kú. Ẹ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́ ní Ute, tàbí ní ìlú mìíràn ní ẹkùn Ọsẹ àti Ọ̀wọ̀, tàbí ní ibikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlànà kan náà ni ẹ ó bá. Ara ẹlẹ́rìí le koko ní àárọ̀. Lójijì ó ṣubú. Àwọn dókítà wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó ti bọ́. Àlùfáà tàbí wòlíì dé, ó gbàdúrà. Ẹlẹ́rìí dìde jókòó, ó béèrè oúnjẹ. Halelúyà! Bí a bá pa orúkọ rẹ́, a kò ní mọ ẹ̀rí Lágbájá yàtọ̀ sí ti Lámọrín.

N kò bá ìlànà jà. Àlọ́ ní ìlànà, oríkì ní ìlànà, a kò sì bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń pàlọ́ kò sọ fún wa pé ìjàpá ń gbé ní ilé kẹta sí tiwa. Ẹlẹ́rìí ní tirẹ̀ ń wí pé báyìí ni ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ìlànà mú kí ó fò. Ta ni ó kọ́kọ́ rí i pé òógùn tútù bò ó? Wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń wò ó kí wọ́n tó gbé e? Ta ni ó wa ọkọ̀? Kí ni wọ́n fún un mu? Láti Ute, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tí ó súnmọ́ni jù ni ti Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ apá tí ó kún fún ẹ̀rù àti àdúrà jù lọ nínú ìtàn náà. Òun gan-an ni a kì í gbọ́.

Ìfòdá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan. Ọkàn tí ń fún gbogbo ara ní ẹ̀jẹ̀ ní iṣan tirẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún òun fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ti ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan náà fún ọdún pípẹ́, pàápàá lára ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí ń fa sìgá, ojú ibẹ̀ lè sán lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á dì sí i, ọ̀nà á sì dí. Apá ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí kú, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò ṣe díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Nígbà kan àwọn oníṣègùn pàápàá rò pé ẹni tí èyí bá ṣe kò lè yè é. Ní ọdún 1912 ni dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé láti fi hàn pé àwọn mìíràn ń yè é. Gbogbo ohun tí oníṣègùn lè ṣe dá lórí kí aláìsàn tètè dé. Ẹni tí ó jókòó lórí àga kejì, tí ó gbọ́ ẹ̀rí tí kò sí ọkọ̀, tí kò sí nọ́ọ̀sì, tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, kí ni yóò ṣe ní òru ọjọ́ tí àyà tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí wúwo? Yóò ṣe ohun tí a kọ́ ọ. Yóò jókòó nílé dúró de òwúrọ̀.

Èdè wa pẹ̀lú dá kún ewu náà, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ dúró sí díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *ọkàn*, ni a fi ń pe ẹran tí ń lù kìkì nínú àyà, òun náà ni a sì fi ń pe ibi tí ìgbàgbọ́, ìbànújẹ́ àti ète ń gbé. Ẹni tí ẹ̀rù bà ni a ní àyà rẹ̀ já. Ẹni tí ń ṣàníyàn ni a ní ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ wò ó nígbà náà bí ìyá àgbà kan bá wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Àyà mi ń já, ọkàn mi kò lélẹ̀." Ìdáhùn tí ó ti wà lẹ́nu wa ni pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má bẹ̀rù." A ti fi ọ̀rọ̀ ìtùnú dá àrùn lóhùn. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n bi í ni bóyá ó dàbí ẹni pé a gbé ọlọ lé e láàárín àyà, bóyá ìrora náà ń gba apá òsì tàbí ẹ̀yìn tàbí àgbọ̀n lọ, bóyá òógùn tútù ń bò ó, bóyá èébì ń gbé e, bóyá èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Lára àwọn obìnrin àti àwọn alátọ̀gbẹ pàápàá, ìrora lè má pọ̀ rárá; àárẹ̀ àti èémí kíkúrú lè jẹ́ gbogbo àmì tí a ó rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú ẹ̀rí: nígbà tí ẹlẹ́rìí bá wí pé Olúwa fún òun ní ọkàn titun, ẹran ara ni ó ń sọ ni, tàbí ẹ̀mí? Ìjọ ń pariwo ayọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rí kan tí ó ti tó nǹkan bí 2,700 ọdún sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, ti Hesekiah ọba Juda. Oówo ni ó ń ṣe é, kì í ṣe àrùn ọkàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ikú kan náà ni wọ́n sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a sọ ìtàn yìí nínú Bíbélì: nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 20, nínú Isaiah orí 38, àti nínú Kíróníkà Kejì orí 32. Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹ̀rí kan ṣoṣo ní ọ̀nà mẹ́ta báyìí, ó sì yẹ kí a tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí olùkọ́ ti í to ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta.

Òǹkọ̀wé Àwọn Ọba fi ọ̀pọ̀tọ́ sí àárín gbùngbùn. Ọba yí ojú sí ògiri, ó sọkún. Wòlíì kò tíì jáde kúrò ní àgbàlá tí a fi rán an padà pẹ̀lú ìlérí ọdún 15. Kíá, wòlíì náà tìkára rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n sì fi í lé oówo. Kò sí ìjà láàárín ìlérí àti oògùn. Ẹnu kan náà ni ó sọ méjèèjì. Mo gba èyí sí ọ̀nà ìròyìn tí ó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kíróníkà kúrú gan-an. Ó ṣàìsàn, ó gbàdúrà, a fún un ní àmì: ẹsẹ kan tán. Kò sí ọ̀pọ̀tọ́, kò sí ẹkún. Ṣé ẹ rí i pé èyí ni ó jọ ẹ̀rí tiwa? Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e. Òǹkọ̀wé náà sọ ọ́ láìfi bò pé ọba di agbéraga lẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá, kò sì san oore náà padà. Àwa mú ìkékúrú Kíróníkà, a sì gé ẹsẹ yẹn sọnù.

Isaiah nìkan ni ó pa ohun tí ọba fúnra rẹ̀ kọ mọ́ fún wa, iyebíye sì ni. Ẹni tí ó bá retí ìyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò yà á lẹ́nu, nítorí apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìráhùn. Ó ráhùn pé a gé òun kúrú ní agbedeméjì ọjọ́. Ó fi ẹ̀mí rẹ̀ wé àgọ́ olùṣọ́-àgùntàn tí a ká lọ, àti aṣọ tí ahunṣọ gé kúrò. Àwa tí a mọ ẹkùn Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń hun aṣọ òfì láti ayébáyé, a lè rí àwòrán náà kedere: aṣọ náà kò gbó, kò ya, ọwọ́ ni ó dé tí ó gé e. Ó ní ìrora náà dàbí kìnnìún tí ń fọ́ egungun òun. Ó ní òun ń ké bí ẹyẹ. Ẹ sọ fún mi, ta ni nínú àwọn ẹlẹ́rìí wa tí ó jẹ́wọ́ rí pé òun ké bí ẹyẹ? Akọni ni gbogbo wọn. Ìgbàgbọ́ wọn kò mì. Hesekiah sọkún, ó bẹ̀rù, ó bi Ọlọ́run léèrè. Láàárín ẹkún yẹn ni a sì ti rí ohun tí ìgbàgbọ́ ṣe fún un, nítorí ó mọ ẹni tí òun yóò sun ún sí létí. Bí ẹ̀rí bá mú ẹ̀rù kúrò, ó ti mú iṣẹ́ ìgbàgbọ́ kúrò pẹ̀lú.

Níbo wá ni a ti rí ìlànà tí kò ní oògùn nínú? Ìtàn rẹ̀ kò jìnnà, ó sì ní ọlá. Ní ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ọdún 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde nínú ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n gbàgbọ́ pé àdúrà nìkan tó fún ìwòsàn, wọ́n sì kọ oògùn ìbílẹ̀ àti oògùn òyìnbó sílẹ̀. Ní ọdún 1922 wọ́n fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀. Ní ọdún 1930 ni ìsọjí ńlá Joseph Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè ní Iléṣà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì wọ́ tọ̀ ọ́ lọ. Àwọn wọ̀nyí kò gba oògùn. Nítorí náà, bí ẹ̀rí wọn kò bá sọ̀rọ̀ dókítà, òtítọ́ ni wọ́n sọ: dókítà kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bá wọn jiyàn lórí ẹ̀kọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pè wọ́n ní onírọ́. Ọ̀ràn ti àwọn tí ó gba ìlànà ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn láìgba ẹ̀kọ́ náà ló yàtọ̀. Ẹni tí ó sùn ní ilé ìwòsàn, tí ó gba abẹ́rẹ́, tí hóró oògùn wà nínú àpò rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń sọ ẹ̀rí ẹni tí kò gba oògùn, aṣọ aláṣọ ni ó wọ̀.

Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí Asa ọba, ẹni tí a dá lẹ́bi ní Kíróníkà Kejì orí 16 nítorí àwọn oníṣègùn. Kí wọ́n tún un kà. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé kò wá Olúwa. Bí ó bá jẹ́ pé wíwá oníṣègùn ni ẹ̀ṣẹ̀, Pọ́ọ̀lù kì bá tí pe Lúùkù oníṣègùn ní olùfẹ́.

Ohun kan tún wà nínú ìwé Hesekiah tí ẹni tí àrùn ọkàn kò pa yóò yára mọ̀ ju wa lọ. Ó ní òun yóò máa rọra rìn ní gbogbo ọdún òun. Ẹ̀rí tiwa máa ń parí ní ọjọ́ tí aláìsàn dìde, bí ẹni pé ara rẹ̀ ti padà sí ti àná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá tí ó kú nínú ọkàn kì í hù padà. Oògùn ojoojúmọ́ wà, iyọ̀ àti ọ̀rá dídínkù wà, ìrìn kúkúrú tí ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ wà. Òru pẹ̀lú wà, nígbà tí ìgúnni kékeré bá mú un tí ó sì rò pé ó tún ti dé. Ìrẹ̀wẹ̀sì a máa mú púpọ̀ nínú wọn. Ibí yìí ni ìgbàgbọ́ ti ń ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, tí a kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ láti orí pẹpẹ. Nígbà tí àrùn yìí kọlu Dwight Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Denver ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, inú rírun ni dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ pè é. Ọkùnrin náà ti ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1953, lẹ́yìn tí ó ti di ààrẹ, kò sì fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́. Síbẹ̀ àwọn oníṣègùn rẹ̀ ń ròyìn ipò ara rẹ̀ fún gbogbo ayé lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tipa bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí àrùn náà jẹ́. Ó gbé ọdún 13 àti oṣù mẹ́fà lé e, ó sì kú ní ọdún 1969. A fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀ bí a ti fi kún ti Hesekiah, ọjọ́ náà sì ní òpin.

Mo ti sọ pé ìwé Àwọn Ọba ni ó to ìtàn náà dáradára jù, ṣùgbọ́n ìparí Isaiah orí 38 ni n kò lè gbàgbé. Lẹ́yìn orin, nígbà tí a rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán, ni òǹkọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀pọ̀tọ́ wá, bí ẹni tí ó rántí gbèsè kan ní ẹnu ọ̀nà. Ìbéèrè ọba ni ó sì fi parí orí náà: àmì wo ni yóò fi mọ̀ pé òun yóò tún gòkè lọ sí ilé Olúwa? Kò sí ìdáhùn níbẹ̀. Nínú ìwé Àwọn Ọba a sọ fún un pé ní ọjọ́ kẹta ni. Aláìsàn láti Ute tí ó dùbúlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ lè bi nọ́ọ̀sì ní irú ìbéèrè kan náà, ìgbà wo ni òun yóò tún lè lọ sí ilé ìsìn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó sì ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì dá fún un.