Ìwé Linux Device Drivers àti Dráífà Tí Kò Ní Káàdì: Àyẹ̀wò fún Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà

A gbé ìwé Linux Device Drivers, àtẹ̀jáde kẹta, tí Jonathan Corbet, Alessandro Rubini àti Greg Kroah-Hartman kọ ní ọdún 2005, yẹ̀wò gẹ́gẹ́ bí ìwé ìkọ́ni. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré fún ilé ẹ̀kọ́ tí owó ìwé ṣòro fún. Orí kẹtàdínlógún ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, níbi tí wọ́n ti fi dráífà kan tó ń jẹ́ snull kọ́ni ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Snull kò ní káàdì kankan lẹ́yìn. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ láti ojú kan, ojú kejì ni yóò ti wọlé. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tilẹ̀ lè mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ìfiránṣẹ́ há, kí ó lè rí bí dráífà ṣe ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. A yìn wọ́n fún èyí.

Ṣùgbọ́n káàdì tòótọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìsọfúnni bá dé, á fi interrupt ké sí prósẹ́sọ̀, prósẹ́sọ̀ á sì pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì láti dá a lóhùn. Ní ti snull, apá tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń pe apá tó yẹ kí interrupt pè, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ tó sì tún lọ ṣí i. Kò sí ìjálù.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ fi spin_lock ti dátà tí interrupt náà ń lò. Kò tíì ṣí i tí interrupt fi jálù ú lórí prósẹ́sọ̀ kan náà, tó sì fẹ́ gba àgádágodo yẹn. Interrupt ń dúró de ẹni tó tì í. Ẹni náà kò sì lè tẹ̀síwájú àfi tí interrupt bá parí. Kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi. Spin_lock_irqsave ló yẹ kí ó lò, nítorí pé ó ń dí interrupt lọ́nà lórí prósẹ́sọ̀ yẹn. Orí karùn-ún ṣàlàyé èyí yékéyéké, síbẹ̀ lórí snull, àṣìṣe náà lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀ dalẹ́ láìfarahàn, kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì tó pé.

Lockdep, irinṣẹ́ tó wọ kernel ní ọdún 2006, kò lè gbà wá níbẹ̀. Kò nílò kí kọ̀ǹpútà dúró kí ó tó ké gbàjarè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí àgádágodo náà nínú interrupt ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Snull kò ní fi hàn án láé.

Nítorí náà, a dábàá kí a fi snull bẹ̀rẹ̀, kí a sì tètè kúrò lórí rẹ̀. QEMU, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe àfarawé káàdì e1000 pẹ̀lú interrupt rẹ̀, kóòdù dráífà e1000 sì wà nínú kernel fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kí a tan CONFIG_PROVE_LOCKING kí a tó kọ́ kernel tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò.