Àmì Òkè, Àmì Ìsàlẹ̀: Ìdájọ́ Akọ̀wé Síríákì

Nínú èdè Síríákì, lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni a fi ń kọ malkā, 'ọba', àti melkā, 'ìmọ̀ràn'. Kọ́ńsónáǹtì ni álífábẹ́ẹ̀tì wọn ń fi hàn jù. Akọ̀wé a fi àmì roboto kínńkínní kan sókè bí ó bá jẹ́ ọba, a fi í sísàlẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé àfọwọ́kọ tí a parí ní Ẹ́dẹ́sà ní ọdún 411.

Ọ̀pọ̀ ka àmì yìí sí ìrànwọ́ fún òǹkàwé lásán. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń da ìwé kọ ti ní láti lóye gbólóhùn kí ó tó mọ ibi tí àmì yóò wà. Ìtumọ̀ ni ó ń ṣe. Abájọ tí Jacob ará Ẹ́dẹ́sà (ó kú ní 708) fi kọ lẹ́tà lórí àkọtọ́ láti tọ́ àwọn akọ̀wé sọ́nà. Ó dá lẹ́tà fáwẹ̀lì sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ń ba àwọn aṣáájú rẹ̀ lẹ́rù: bí ọ̀nà ìkọ̀wé bá yí padà, àwọn ìwé àtijọ́ lè parun.

Nítorí náà, olóòtú òde òní tí ó yọ àmì wọ̀nyí kúrò nínú àtẹ̀jáde rẹ̀ ti pa ẹ̀rí òǹkàwé àkọ́kọ́ rẹ́. Kí a má tíì fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Àwa náà ń tẹ ọfọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, a ní àyíká ọ̀rọ̀ yóò ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà. Bẹ́ẹ̀ inú ọfọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń fi ìró ṣeré, tí àyíká kì í fi í ṣe atọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàyè. Túróyò, ìbátan Síríákì tí àwọn ará Tur Abdin ní Tọ́kì ń sọ, pẹ́ kí ó tó ní àkọtọ́. Ní Sweden, níbi tí púpọ̀ nínú wọn ṣí lọ, lẹ́tà Látìn ni a fi kọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Àwọn mìíràn nínú wọn tako èyí, wọ́n ní lẹ́tà àwọn baba ni ó yẹ. Ọmọ tí ó fi Látìn nìkan mọ̀wé ń ka malko, bí wọ́n ṣe ń pe 'ọba' níbẹ̀, láìṣiyèméjì. Kò lè ka ìwé ọdún 411.