Àmù tí kì í làágùn: àyẹ̀wò iṣẹ́ ọwọ́ Ladi Kwali

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Iná ni ó sọ ìkòkò Ladi Kwali di ohun àpọ́nlé káàkiri ayé. Iná yìí kan náà ni ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ Gbàgyí ni Ladi Kwali, láti ìlú Kwali ní agbègbè Àbújá. Ọwọ́ ni ó fi ń mọ ìkòkò omi, tí ó ń fín alángbá, àkekèé àti ọ̀nì sí i lára. Ní 1954, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Michael Cardew, ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja, ìlú tí ó ń jẹ́ Àbújá nígbà náà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ohun tí ń yọ́ di gíláàsì kun ìkòkò rẹ̀, tí wọ́n sì ń sun ún nínú iléru tí ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n 1,200 lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní iléru yìí ni ó gbé ìkòkò ìbílẹ̀ ga. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ti ń ṣe amọ̀ dídán ṣáájú. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, àwọn amọ̀kòkò Köln àti Frechen ní Jámánì ń mọ ìgò tí ojú ọkùnrin onírùngbọ̀n wà ní ọrùn rẹ̀. Bí iléru bá gbóná dé góńgó, wọn a da iyọ̀ sí i. Ooru iyọ̀ a bá amọ̀ dàpọ̀, ara ìgò a sì máa dán, a rí gbágungbàgun díẹ̀ bí èèpo ọsàn. Ọtí ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, ohun tí kò jò ni ọtí sì ń fẹ́. Ẹwà ìgò náà kò ta ko iṣẹ́ rẹ̀.

Ti àmù yàtọ̀. Àmù tí ìyá àgbà mi rà ní Ìpetumodù máa ń làágùn: omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbé e, èyí tí ó kù nínú rẹ̀ sì ń tutù. Ìkòkò dídán kò lè ṣe èyí. Lójú tèmi, iléru fi ẹwà kún iṣẹ́ Ladi Kwali, ṣùgbọ́n ó mú omi tútù kúrò níbẹ̀. Ohun ìlò di ohun àwòṣífìlà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá ìyá náà lẹ́bi. Bí ó tilẹ̀ kọ́ bí a ti ń fi kẹ̀kẹ́ mọ ìkòkò, ọwọ́ ni ó ṣì fi ń mọ àwọn ńlá. Ẹ wo ẹ̀yìn owó ogún náírà: òun àti ìkòkò rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, kò sí iléru. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, olùkọ́ ọ̀la, bí a bá fi owó náà han ọmọdé, kí a má gbàgbé láti sọ fún un pé ọgbọ́n ọwọ́ yẹn ti pé kí iléru tó dé.